Ìgò Tí Mùráínà Sin: Ìtàn Iṣẹ́ Mi Nídìí Ẹran Ara àti Gíláàsì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìyìn fún ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Mo júbà Mo-Ti-Mọ̀-Tẹ́lẹ̀, ọba àwọn ọlọ́gbọ́n, ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ kì í dé àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán. Kí afárá tó wó, ó dákẹ́. Bí afárá bá wó tán, ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì. Bí ọkọ ìyàwó bá sá lọ sí Àbíjàn tí kò padà, ó ti mọ̀ láti ọjọ́ ìdána. Bàtà ọkùnrin náà ló fi dá a mọ̀. Kò sí ẹni tó ń kú ní Ẹ̀jìgbò tí kò ti rí ikú lójú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ojú àánú ni kò jẹ́ kó sọ. Ìlú tí kò bá ní irú rẹ̀, ta ni yóò máa ṣàlàyé àná fún wọn? Ẹ bá mi kí i, kó pẹ́ fún wa. Ilé ìwòsàn náà ní tirẹ̀, èyí tó ń wọ kóòtù funfun, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù.

Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì kò bá Mo-Ti-Mọ̀ lára mu. Iṣẹ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ni. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń wá bá mi lábẹ́ ìbòòji ilé mi láti béèrè ohun tí wọ́n lè lọ kọ́ ní yunifásítì. Mo máa ń rí i lójú wọn pé iṣẹ́ tí wọ́n ń wá ni èyí tó máa dára nínú fọ́tò. Tèmi kò dára nínú fọ́tò. Ó tún ní òórùn.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ nìyí. Bí dókítà bá gé kókó kan jáde lára èèyàn, ojú lásán kò lè sọ ohun tó jẹ́. Wọn á jù ú sínú ìgò tó ní fọ́málìn, omi olóòórùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà. Lẹ́yìn náà ó di tiwa. A ó gba omi ara ẹran náà kúrò, a ó fi ìda gbígbóná rọ́pò rẹ̀ títí yóò fi le bí àbẹ́là. A ó fi ẹ̀rọ kan rẹ́ ẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. A ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó pa á láró. Dókítà tó ń ka ẹran yóò wá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, yóò sọ bóyá àrùn jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Èmi kọ́ ni dókítà náà. Èmi ni mo ń se ọbẹ̀, òun ló ń tọ́ ọ wò, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n ń kí kú iṣẹ́.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gba ẹnu púpọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kan tí kò jìnnà sí wa ń wá ẹni tó jáde ìwé, tó sì lè dúró síwájú ẹran láì bì. Àwa tí a wá lọ́jọ́ náà pọ̀. Wọ́n ṣí ìgò kan. Àwa tó kù kò pọ̀ mọ́. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan tí èèyàn ń sọ níwájú àna.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Bàbá Oyèdòkun, ọmọ Ìsúndúnrin, alàgbà ìjọ, ẹni gígùn tí kì í rẹ́rìn-ín ṣáájú ọ̀sán. Apá òsì rẹ̀ kò ní irun kankan. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ la fi ń pọ́n ọ̀bẹ ẹ̀rọ, lórí òkúta, pẹ̀lú òróró, ká tó wá fi awọ màlúù nù ún. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Bàbá fi ń mọ̀ pé ó ti mú ni kó fi fá irun apá ara rẹ̀. Bí a bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó lọ́sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni apá rẹ̀ ṣe ń dán tó.

Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹran. Ìda lásán, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ni mo ń rẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo máa ń rẹ́ ẹ, yóò gbé e síwájú fèrèsé, yóò fi ojú kan wò ó.

“Kí lo rẹ́ yìí?”

“Ìda ni, sà.”

“Ìda? Búrẹ́dì ni. Lọ wá tíì sí i.”

Mo ní ìwé ẹ̀rí nígbà yẹn, mo sì ti ń rò ó lọ́kàn mi pé bàbá tí kò dé yunifásítì yìí ń fi ayé mi ṣòfò. Bàbá ti mọ̀ pé mo ń rò ó. Ó ní, “Ìwé rẹ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ ni kò tíì kàwé.” Ìgbà tí ó wá gbé ẹran gidi lé mi lọ́wọ́, ó kàn gbé e síwájú mi ni, kò tilẹ̀ kí mi.

Òfin rẹ̀ kan wà tó le ju ti ọ̀bẹ lọ. Ó ní, “Ojú rẹ ni wọ́n gbà síṣẹ́, wọn ò gba ẹnu rẹ.” Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Mo gbọ́ ọ, mo sì rò pé ó ti yé mi.

Ní ọjọ́ kan, àgbẹ̀ kan wá láti Ọlá. Wọ́n ti gé kókó kan lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó rí mi nínú kóòtù funfun tí mo ń kọjá. Ó dìde.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dáa?”

Mi ò tíì rí ẹran náà rárá. Ṣùgbọ́n àgbà dìde fún mi, ó pè mí ní dókítà. Mo ní, “Ó dáa, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ọ̀gá mi wà lẹ́yìn mi. Kò pariwo. Ó mú mi lápá, ó dá mi padà síwájú ọkùnrin náà, gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ ń wò wá.

“Sọ fún Bàbá pé o kò mọ̀.”

“Sà?”

“Sọ ọ́.”

Mo ní, “Bàbá, n kò mọ̀.”

Àgbẹ̀ náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “O kò mọ̀,” ni ó wí, “o sì wọ aṣọ funfun?” Gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá Oyèdòkun náà rẹ́rìn-ín, ọ̀sán kò sì tíì pọ́n.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Ààrò ìda wa tó ń jẹ kẹrosín-ìn di ti iná mànàmáná, iná mànàmáná di ti jẹnẹrétọ̀, nítorí a mọ ìlú wa. Níkẹyìn ni ọ̀bẹ ìgbàlódé dé, pẹlẹbẹ bí bíléèdì ìfárùngbọ̀n, tí a ń lò tí a ń jù nù. Bàbá mú ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. “Ọ̀bẹ tí a kì í pọ́n,” ó ní, “kò mọ ẹni tó ń lò ó.” Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú rẹ̀, ó rẹ́ ẹran dáadáa, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tí mo lọ kí i ní Ìsúndúnrin, mo rí i pé irun ti hù padà sí apá òsì rẹ̀. Ó ní ó ń yún òun.

Èmi ni mo wá di àgbà láàbù, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní Bàbá Láàbù. Ìgbà yẹn ni Dókítà Fọláṣadé dé, obìnrin kúkúrú kan tó ń sáré rìn, tó kàwé débi pé kì í ṣe àfihàn rẹ̀ mọ́. Òun ló mú àwọ̀ tuntun wá. Àwọ̀ àtijọ́ wa, píǹkì àti búlúù, ń fi ìrísí sẹ́ẹ̀lì hàn: bóyá wọ́n tò dáadáa, bóyá wọ́n ń jà. Àwọ̀ tuntun yìí ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú. Omi kan ni, tó ń wá ohun kan ṣoṣo kiri nínú ẹran. Níbi tó bá ti rí i, yóò fi àwọ̀ ilẹ̀ síbẹ̀. Níbi tí kò bá ti rí i, kò ní kùn ún.

Mo bi í pé kí ni omi náà ń wá. Ó fa àga kan sún mọ́ mi.

“Bàbá, nígbà tí ẹ ń kọ́lé yín ní Ẹ̀jìgbò, ta ló ń pàṣẹ?”

“Bíríkìlà ni. Èmi ni mo nilé, òun ló ń pariwo.”

“Nígbà tí ilé parí ńkọ́?”

“Ó lọ. Ó gbàgbé ṣọ́bìrì kan, mo tọ́jú ẹ̀.”

“Ó dáa. Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan, tí ẹ bá bíríkìlà yẹn nínú pálọ̀ yín, tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ńkọ́?”

“Màá ké olè.”

“Ara kì í ké, Bàbá. Ara mọ̀ ọ́n rí. Ó rò pé iṣẹ́ ló wá ṣe.”

Bí ó ṣe yé mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, àwọn jíìnì kan wà tó jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn jíìnì yòókù. Wọ́n ń pàṣẹ: ẹ di apá níbí, ẹ di ẹ̀dọ̀ lọ́hùn-ún. Nítorí iṣẹ́ náà, sẹ́ẹ̀lì inú oyún gbọ́dọ̀ lè pọ̀ kíákíá, kó lè kúrò níbi tó wà, kó la àárín àwọn ẹlòmíràn kọjá, kó lọ tẹ̀dó síbòmíràn. Bí iṣẹ́ bá parí, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá yìí á lọ sùn. Wọn ò kú. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ṣì ní wọn. Nínú àwọn jẹjẹrẹ kan, wọ́n máa ń jí, àwọn tó jí yìí ni omi náà sì ń wá. Ohun tó jẹ́ ẹ̀bùn nínú oyún, pípọ̀ kíákíá àti ṣíṣí kiri, ló wá di ohun tó ń pa àgbàlagbà. Jẹjẹrẹ tí àwọn ọ̀gá yìí bá ti jí nínú rẹ̀ sábà máa ń burú ju èyí tí wọ́n ṣì ń sùn nínú rẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ pé lójú àwọ̀ àtijọ́, bákan náà ni àwọn méjèèjì rí.

Dókítà ní, “Ẹlẹ́rìí kan ni àwọ̀ náà, Bàbá. Kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí ńkọ́?”

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ Sàlámátù.

Sàlámátù jẹ́ aránṣọ nítòsí gáréèjì ní Ẹ̀jìgbò. Òun ló ń rán kóòtù iṣẹ́ mi, tó sì máa ń fún mi ní àpò tó pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mùráínà ọkọ rẹ̀, ọmọ Màsífà, ti gbé Àbíjàn pẹ́ kó tó wá di awakọ̀ nílé, àwọn méjèèjì sì ti ń múra láti padà sọ́hùn-ún, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan ń dúró de Sàlámátù níbẹ̀. Ó wá rí kókó lọ́mú. Ilé ìwòsàn kan fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ wá fún wa: jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ó jọ oníwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ kókó náà. Dókítà Fọláṣadé ní òun gbọ́dọ̀ rí gbogbo rẹ̀, kí òun fi àwọ̀ tuntun wò ó, nítorí èyí tí abẹ́rẹ́ mú kò tó nǹkan. Bó bá jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ lóòótọ́, Sàlámátù lè máa lo oògùn oníhóró rẹ̀ lọ sí Àbíjàn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ líle tí wọ́n ń pè ní kẹ́mò ni, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́.

Ní ilẹ̀ wa, ẹbí aláìsàn ló ń gbé ìgò ẹran lọ sí láàbù. Wọ́n gbé ìgò náà lé Mùráínà lọ́wọ́ bí ẹni gbé ìgò mínírà, wọ́n júwe ọ̀nà fún un. A retí ìgò. A kò rí ìgò. Mo pè é lórí fóònù, ó ní òun wà lójú ọ̀nà. Awakọ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà kì í parọ́. Nígbà tó yá, mo gun ọ̀kadà lọ sílé wọn ní Màsífà lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Bàbá Láàbù!” Mùráínà dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ó fi Faransé Àbíjàn kí mi. “Bọ́n àrívé! Ẹ wọlé, ẹ mu omi.”

“Mùráínà, ìgò dà?”

“Ìgò wo?”

“Èyí tí kókó ìyàwó ẹ wà nínú ẹ̀.”

“Háà, ìyẹn? Sé finí, ó ti parí. Mo ti sin ín.”

Mo jókòó.

“Ẹ gbọ́ kẹ́ ẹ tó bínú,” ó ní. “Mo gbé e síwájú mọ́tò. Mo bá àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí ni mo gbé. Kí ni kí n sọ? Pé ọmú ìyàwó mi ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá gba bélì mi? Mo ní oògùn ẹran ọ̀sìn ni, mo yí mọ́tò padà. Mo bi Ààfáà. Ààfáà ní ohun tó bá kúrò lára ọmọ èèyàn, ilẹ̀ ló ni ín. Vuwalà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo wá ìbínú, n kò rí i. Ààfáà kò parọ́. Èmi tí mo ń jókòó níbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi sin olóbi àwọn ọmọ mi sẹ́yìnkùlé, bí bàbá mi ṣe sin tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kí n hú u nítorí gíláàsì kan, màá lé e pẹ̀lú ọ̀pá. Àwa tí a gbé ìgò lé awakọ̀ lọ́wọ́ láì ṣàlàyé pé ìbéèrè ló wà nínú rẹ̀, àwa la kò ronú.

“Ṣé o ṣí ìgò náà?”

“Kí n ṣí kí ni? Òórùn ẹ̀ ń ta èèyàn lójú láti ìdérí. Mo fi aṣọ funfun wé e, tòun tìgò, mo sin ín sábẹ́ ọsàn yẹn.”

Inú mi dùn, n kò jẹ́ kó hàn. Ẹran tó wà nínú fọ́málìn, ìgò tó wà ní dídé: ilẹ̀ kò tíì rí i jẹ.

“Mùráínà, a máa hú u.”

“Láéláé! A kì í hú òkú, Bàbá.”

“Òkú ta ni? Mo ń gbọ́ ìró maṣíìnì òkú náà látinú ilé.”

Maṣíìnì náà dákẹ́. Sàlámátù yọ sí ẹnu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀. “Ta lẹ fẹ́ hú?”

Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, kò bá ọkọ rẹ̀ jà.

“Bàbá, tá a bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ṣé mo lè máa lọ sí Àbíjàn?”

“N kò mọ̀.”

“Tá a bá hú u, ṣé wàhálà wà níbẹ̀?”

“N kò mọ̀. Dókítà lè mọ̀.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti hewú sídìí ẹ̀?” Ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Sàídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ́ wá.”

“Sàlá, nǹkan tá a ti ṣàdúà sí...”

“Ara mi ni. Ẹ jẹ́ kó wá sọ nǹkan tó fẹ́ fi mí ṣe. Tó bá sọ ọ́ tán, ẹ tún ṣàdúà, ẹ tún sin ín. N ò lè gbé ìbéèrè sábẹ́ ọsàn kí n wá wọ mọ́tò Àbíjàn.”

Mùráínà gbẹ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, àdúà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò fún mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Sàlámátù yẹ aṣọ tó wé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo inú ìgò.

“Nǹkan tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù nìyí? Ó jọ ṣàkì.”

Ẹran tó bá pẹ́ jù nínú fọ́málìn máa ń le bí pákó. Mo rẹ́ ẹ pẹ̀lú sùúrù, mo kọ́kọ́ lo àwọ̀ àtijọ́. N kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ojú tó ti wo gíláàsì láti ìgbà èwe yóò mọ nǹkan díẹ̀. Mo yọ́ wò ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n fara balẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú níwájú Ààfáà. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, Sàlámátù, máa lọ sí Àbíjàn rẹ.

Dókítà ní ká lo àwọ̀ tuntun. A lò ó. Kò kùn níbì kankan. Mo ní, “Ẹ rí i, Dókítà. Wọ́n ń sùn.”

Dókítà tún gbé gíláàsì náà sábẹ́ awò. Ó ní kí n fi omi tó ń wá ohun mìíràn kan wá ẹran náà, ohun tí kò sí sẹ́ẹ̀lì ọmú kan tí kì í ní in. A fi wá a. Ìyẹn náà kò kùn. Ó gbé ojú kúrò lórí awò.

“Bàbá, kì í ṣe pé wọn ò sí nílé. Ilẹ̀kùn ló tì pa.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́málìn tó gba ẹran là lọ́wọ́ ilẹ̀ náà ló tì í pa mọ́ àwọ̀ wa lójú. Ọ̀nà kan tí a fi ń ṣí i ni ká se gíláàsì náà nínú ìkòkò préṣọ̀, irú èyí tí a fi ń se ẹran màlúù arúgbó, kó pẹ́ ju bí a ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀ lọ. Rọ́bà ìkòkò láàbù wa ti bàjẹ́. Mo lọ ra òmíràn lọ́jà Ẹ̀jìgbò.

Obìnrin tó ń ta ìkòkò ní, “Bàbá, irú ẹran wo lẹ fẹ́ sè tó le tó báyìí?”

“Ẹran tó ti pẹ́ nínú ìgò.”

“Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín sè é, ẹ máa bà á lọ́kàn jẹ́.”

A sè é, ó jábọ́ kúrò lórí gíláàsì. A rẹ́ òmíràn, a sè é, ìkòkò ń súfèé, Dókítà dúró tì mí, a jọ ń wo ìkòkò bí ẹni tí ebi ń pa. Nígbà tí a kun èyí, omi náà rí ohun tó ń wá. Àwọ̀ ilẹ̀ kún inú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, sẹ́ẹ̀lì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, ó ṣú bíi kòkó tí wọ́n sá tó gbẹ. Àwọn ọmọ kéwú mi tó fara balẹ̀, bíríkìlà ni gbogbo wọn.

Dókítà tún wo àwọn àmì yòókù, ó wo etí kókó náà, ó ní kí wọ́n yẹ abíyá Sàlámátù wò. Lẹ́yìn náà ló pè é. Sàlámátù ní òun fẹ́ kí n wà níbẹ̀, Mùráínà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú.

Dókítà ní, “Ẹ̀gbọ́n, kókó yìí, ojú ẹ̀ tutù, inú ẹ̀ ò tutù.” Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bíríkìlà fún un bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

“Ṣé wọ́n ti dé ibòmíràn?”

“A ò rí wọn níbòmíràn. Ẹ má jẹ́ ká dúró dìgbà tá a máa rí wọn.”

“Àbíjàn ńkọ́?”

“Àbíjàn ò ní sá lọ.”

Sàlámátù wo Mùráínà. Ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. “Ọjọ́ wo la ó bẹ̀rẹ̀?” Kò sọ ọ̀rọ̀ Faransé kankan lọ́jọ́ náà.

Abẹ́rẹ́ náà le. Irun rẹ̀ re, ó rán fìlà fún ara rẹ̀ àti fún àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n jọ ń gbà á, oríṣiríṣi, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí kò wúlò fún nǹkan kan. Àwọn ìgbà kan wà tí kò lè ránṣọ. Mùráínà ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀, láì kó èrò míràn sí mọ́tò. Nígbà tí a ti lò tó lára ẹran náà, mo dá ìyókù padà fún wọn, Ààfáà sì wá, ó ṣàdúà, wọ́n sin ín síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Sàlámátù bi mí bóyá a ti mú díẹ̀ pamọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú ìda ní láàbù, bóyá a ó tún ní ìbéèrè. Ó ní, “Ẹ ṣáà má jẹ́ kí eku jẹ mí.”

Ó wà láàyè. Ó ń ránṣọ. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, kò sì sí dókítà tó tíì sọ fún un pé ó ti parí, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára, ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè fara da “n kò mọ̀,” kó lọ ṣe òṣèlú.

Láìpẹ́ yìí ni mo kọjá ní gáréèjì. Mùráínà wà láàárín àwọn awakọ̀, ó ń sọ ìtàn ìgò fún wọn, ó sì ti dùn ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ. Ó rí mi.

“Bàbá tí mò ń sọ nìyí! Ó wo ilẹ̀ lábẹ́ ọsàn báyìí, ó ní ẹ hú u, nǹkan burúkú ló wà níbẹ̀! Bàbá, ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, àbí irọ́ ni mò ń pa?”

Àwọn awakọ̀ náà dìde fún mi. Ẹnì kan nínú wọn pè mí ní dókítà. Mo tún fìlà mi ṣe.

Mo ní, “Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.”

N kò mọ̀. Mo ti wo gíláàsì àkọ́kọ́, mo sì ti rán Sàlámátù lọ sí Àbíjàn nínú ọkàn mi.